Ìṣíjibò Oòrùn ní Accra ní Ọdún 2006: Ìgbàgbọ́ Mùsùlùmí àti Àwọn Tíọ́rì Sáyẹ́ǹsì Tí Ń Yí Padà

Ìyìn àti ọpẹ́ ni ti Ọlọ́hun, Ọba Àjọkẹ́-ayé Àṣàkẹ́-ọ̀run, Ẹni tí ó dá oòrùn àti òṣùpá, tí ó sì fi ìṣirò sí ìrìn wọn. Kí ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ máa bá Ànábì Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀, àwọn sàábé rẹ̀ àti gbogbo ẹni tí ó tẹ̀lé wọn pẹ̀lú dáadáa títí di ọjọ́ ẹ̀san.

Ìfáàrà

Ní òwúrọ̀ Ọjọ́rú 29 March 2006, tí ó bọ́ sí ìparí oṣù Safar ọdún 1427 Híjírà, òjìji òṣùpá gba orí Òkun Àtìláńtíìkì wá, ó sì gúnlẹ̀ sí etíkun Ghana. Díẹ̀ lẹ́yìn agogo mẹ́sàn-án, oòrùn tí ó ti yọ ṣú pátápátá lójú àwọn ará Accra. Ní Kaneshie, àdúgbò tí orúkọ rẹ̀ ní èdè Gá ń tọ́ka sí abẹ́ àtùpà, níbi tí ọjà ńlá wà lẹ́bàá ọ̀nà tí ó lọ sí Winneba àti Cape Coast, ilẹ̀ ṣú fún nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́ta kí ìmọ́lẹ̀ tó padà. Òjìji náà tẹ̀ síwájú gba Togo, Benin àti Nàìjíríà kọjá sí Niger, Chad, Libya, Egypt àti Turkey. Láti ọdún 1947 ni irú rẹ̀ kò ti ṣẹlẹ̀ ní ilẹ̀ Ghana.

Ohun tí ó mú ti ọdún 2006 yàtọ̀ sí ti ayé àtijọ́ ni pé àwọn ènìyàn ti mọ̀ ṣáájú. Àwọn onímọ̀ ti ṣírò ọjọ́, wákàtí àti ìṣẹ́jú rẹ̀ sílẹ̀ ní ọ̀pọ̀ ọdún sẹ́yìn. Rédíò àti ìwé ìròyìn ti kéde rẹ̀, àwọn ènìyàn sì ti ra awò dúdú tí wọn yóò fi wo oòrùn. Síbẹ̀, àwọn Mùsùlùmí kò torí èyí fi Sọlátul-Kusūf sílẹ̀.

Láti inú èyí ni ìbéèrè mẹ́ta ti jáde, ìbéèrè tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń bi àwọn àáfáà wọn títí di òní. Èkíní, ǹjẹ́ ìṣíjibò oòrùn jẹ́ ìbínú Ọlọ́hun lórí ìlú kan? Èkejì, bí ẹ̀dá bá lè ṣírò rẹ̀ ṣáájú, kí ni ó kù nínú rẹ̀ tí a fi ń pè é ní àmì Ọlọ́hun? Ẹ̀kẹta, níwọ̀n bí àwọn onísáyẹ́ǹsì ti ń yí tíọ́rì wọn padà láti ìran dé ìran, èwo nínú ọ̀rọ̀ wọn ni onígbàgbọ́ yóò gbà, èwo ni yóò sì fi sílẹ̀?

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti oòrùn nìkan. Ọmọ ilé ẹ̀kọ́ tí ó bá gbọ́ ohun kan ní kíláàsì, tí ó sì gbọ́ òdìkejì rẹ̀ láti orí mínbárì, yóò mú ọ̀kan, yóò sì ju ọ̀kan nù. Bí ohun tí ó gbọ́ lórí mínbárì bá jẹ́ àsọdùn tí a fi orúkọ ẹ̀sìn bò, ó ṣeé ṣe kí ó ju ẹ̀sìn fúnra rẹ̀ nù, nígbà tí ó jẹ́ pé àsọdùn náà ni ó jẹ̀bi.

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Mẹ̀dínà

Kò sí ibi tí ó dára láti bẹ̀rẹ̀ ju ọjọ́ tí Ibrahim, ọmọ Ànábì Muhammad (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a), kú ní ìkókó. Ní ọjọ́ náà gan-an ni oòrùn ṣíji. Àwọn ènìyàn Mẹ̀dínà wí láàárín ara wọn pé ikú ọmọ Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun ni ó fa èyí. Bí ó bá jẹ́ olórí ẹ̀sìn tí ń wá iyì ni, ìbá dákẹ́, kí ọ̀rọ̀ náà máa tàn kálẹ̀. Ṣùgbọ́n Ànábì kọ̀ ọ́. Gẹ́gẹ́ bí hádíìsì tí Bukhari àti Muslim gbà wá ti fi yé ni, ó jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé méjì nínú àwọn àmì Ọlọ́hun ni oòrùn àti òṣùpá, pé wọn kì í ṣíji nítorí ikú tàbí ìṣẹ̀mí ẹnikẹ́ni, àti pé nígbà tí wọ́n bá rí i, kí wọ́n yára lọ sí ibi ìrun, àdúà àti sàráà.

Ẹ̀kọ́ méjì ni ó wà nínú ọ̀rọ̀ kan yìí. Ó mú ìdí èké kúrò, kò sì mú ìjọ́sìn kúrò. Ẹni tí ó sọ pé ìṣíjibò kì í ṣe nítorí ikú ènìyàn pàtàkì ni ó tún pàṣẹ pé kí a kí ìrun. Nítorí náà, a kò gbé ìrun náà ka orí àìmọ̀ ohun tí ó fà á. Bí ó bá jẹ́ àìmọ̀ ni ìpìlẹ̀ rẹ̀, mímọ̀ ni ìbá wó o.

Èyí sì ti dáhùn ìbéèrè èkejì. Ẹ wo ìwé àkókò ìrun tí a ń lẹ̀ mọ́ ara ògiri mọ́sálásí káàkiri Accra, Ìbàdàn àti Ìlọrin. Ìṣirò ni a fi ṣe é. Wákàtí àti ìṣẹ́jú tí oòrùn yóò wọ̀ ní oṣù tí ń bọ̀ ti wà nínú rẹ̀. Kò sí àáfáà kan tí ó tìtorí èyí sọ pé ìrun Màgàríbì kò wúlò mọ́. Wíwọ̀ oòrùn ní ìrọ̀lẹ́ àti ṣíṣíji rẹ̀ ní ọ̀sán, ìṣirò kan náà ni ó gbé méjèèjì. Àlùkùránì Alápọ̀nlé fúnra rẹ̀ fi kọ́ni, nínú Sūratu Yūnus àti Sūratur-Rahmān, pé pẹ̀lú ìṣirò ni oòrùn àti òṣùpá ń rìn, kí ẹ̀dá lè mọ òǹkà ọdún. Ìtọ́lẹ́sẹẹsẹ yìí gan-an ni àmì náà wà nínú rẹ̀.

Ìmọ̀ràn Al-Ghazali

Ní ìparí ọ̀rúndún kọkànlá ti àwọn Násárà, Imam Abu Hamid al-Ghazali (ó kú ní 505 H/1111) kọ ìwé Tahāfutul-Falāsifa láti fi ta ko àwọn onífílósófì. Ọ̀pọ̀ ni ó rò pé ìwé náà ta ko sáyẹ́ǹsì pátápátá. Ẹni tí ó bá ka ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ yóò rí i pé kò rí bẹ́ẹ̀, nítorí ìṣíjibò oòrùn àti òṣùpá gan-an ni ó fi ṣe àpẹẹrẹ ohun tí kò yẹ kí a bá wọn jiyàn lé lórí. Ó ṣàlàyé pé òṣùpá ń ṣú nígbà tí ilẹ̀ ayé bá wà láàárín òun àti oòrùn, àti pé oòrùn ń ṣú nígbà tí òṣùpá bá wà láàárín rẹ̀ àti ẹni tí ń wò ó. Èyí, lójú rẹ̀, dá lórí ìṣirò tí kò ní iyèméjì nínú.

Lẹ́yìn náà ni ó ṣe ìkìlọ̀ tí ó yẹ kí gbogbo oníwàásù há sórí. Ẹni tí ó bá rò pé òun ń gbèjà ẹ̀sìn nípa títako ohun tí ìṣirò ti fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀, ẹ̀sìn ni ó ń ṣe lọ́ṣẹ́. Ẹni tí ó mọ ìṣirò náà kò ní ṣiyèméjì nípa ìṣirò; nípa ẹ̀sìn ni yóò ti ṣiyèméjì. Al-Ghazali rí i pé aburú ọ̀rẹ́ ẹ̀sìn tí ó gba ọ̀nà àìtọ́ gbèjà rẹ̀ ju ti ọ̀tá tí ó ta kò ó lọ. Ní ti gbólóhùn kan tí àwọn kan fi kún hádíìsì ìṣíjibò, ó sọ pé kò fẹsẹ̀ múlẹ̀, àti pé bí ó tilẹ̀ fẹsẹ̀ múlẹ̀, fífún un ní ìtumọ̀ mìíràn rọrùn ju kíkọ ohun tí ó dájú lọ.

Àwọn tíọ́rì tí ń yí padà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ọgbọ́n ọdún yìí, wèrè ẹ̀míì. Àwọn kan máa ń fi òwe yìí bá sáyẹ́ǹsì wí: níwọ̀n bí ó ti ń yí padà, kí a má gba nǹkan kan gbọ́ nínú rẹ̀. Ìtàn ìmọ̀ ìṣíjibò fi hàn pé ọ̀rọ̀ náà kò rọrùn tó bẹ́ẹ̀.

Ayé gba ọ̀rọ̀ Ptolemy gbọ́ fún ohun tí ó ju ọdún 1,000 lọ, pé ilẹ̀ ayé dúró sójú kan, tí oòrùn àti ìràwọ̀ sì ń yí i po. Àwọn onímọ̀ Mùsùlùmí kò gbà á ní ìgbà-á-pa-ojú-dé. Al-Battani (ó kú ní 929) rí i pé bí oòrùn ṣe ń tóbi sí lójú ẹni kì í dúró sójú kan, nítorí náà òṣùpá lè wọ inú oòrùn kí etí oòrùn sì máa tàn yí i ká bí òrùka. Ibn al-Haytham kọ ìwé lórí àwọn iyèméjì tí ó ní nípa Ptolemy. Ibn al-Shatir (ó kú ní 1375), tí ń ṣọ́ àkókò ìrun ní mọ́sálásí ńlá Damascus, ṣe àtúnṣe sí ìlànà ìrìn òṣùpá. Copernicus wá ní 1543, ó fi oòrùn sí àárín. Kepler fi hàn ní 1609 pé ọ̀nà pílánẹ́ẹ̀tì kì í ṣe òbìrípo gidi. Newton mú òfin òòfà wá ní 1687. Einstein yí ìtumọ̀ òòfà náà padà ní 1915.

Ìṣíjibò oòrùn kan tí ó gba ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà kọjá ni a fi dán ọ̀rọ̀ Einstein wò. Ní 29 May 1919, Arthur Eddington wà ní erékùṣù Príncipe ní Ìyawọlẹ̀ Òkun Guinea, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sì wà ní Sobral ní Brazil. Wọ́n ya àwòrán ìràwọ̀ tí ó wà nítòsí oòrùn nígbà tí ó ṣú, láti mọ bí oòrùn ṣe ń tẹ ìmọ́lẹ̀ wọn sí. Einstein ti sọ pé títẹ̀ náà yóò jẹ́ ìlọ́po méjì ohun tí a lè rí fàyọ láti inú òfin Newton. Ní November ọdún náà ni wọ́n kéde ní London pé ohun tí wọ́n rí bá ti Einstein mu.

Kí onílàákàyè kíyè sí ohun kan níhìn-ín. Tíọ́rì yí padà láti Ptolemy dé Newton, ó sì yí padà láti Newton dé Einstein, síbẹ̀ ìṣíjibò oòrùn kò yẹ̀ lórí àkókò rẹ̀. Àwọn ará Bábílónì àtijọ́ ti kíyè sí i pé lẹ́yìn nǹkan bí ọdún 18 àti ọjọ́ mẹ́wàá tàbí mọ́kànlá, ìṣíjibò a máa padà wá. Ti Accra ní 29 March 2006 bá ti 8 April 2024 tan, èyí tí àwọn Yorùbá tí ń gbé ní Dallas àti Indianapolis ní Amẹ́ríkà rí. Ohun tí ojú rí tí ìṣirò sì jẹ́rìí sí kì í wó nígbà tí tíọ́rì bá wó. Dandan ni kí tíọ́rì tuntun gbé e dání, kí ó sì ṣàlàyé rẹ̀ dáadáa ju ti àtẹ̀yìnwá lọ.

Ìpele mẹ́ta ni ó yẹ kí a yà sọ́tọ̀ nínú ohun tí a ń pè ní sáyẹ́ǹsì. Àkọ́kọ́ ni ohun tí a rí tí a sì wọ̀n. Èkejì ni tíọ́rì tí ó ṣàlàyé rẹ̀, tí ó lè lágbára gan-an, tí ó sì ṣì lè gba àtúnṣe. Ẹ̀kẹta ni èrò tí àwọn kan ń fi kún un, bí àpẹẹrẹ pé níwọ̀n bí a ti mọ bí oòrùn ṣe ń ṣíji, kò sí Ẹlẹ́dàá. Èyí kì í ṣe àbájáde ìṣirò kankan. Onígbàgbọ́ lè kọ ìpele kẹta láì fọwọ́ kan ìpele kìíní.

Ìtumọ̀ ẹ̀dá náà ń yí padà

Òdodo kò ní jẹ́ kí a fi sáyẹ́ǹsì nìkan sí abẹ́ ìdánwò. Ọ̀rọ̀ Ọlọ́hun kì í yí padà, ṣùgbọ́n òye ẹ̀dá nípa rẹ̀ ń yí padà. Ní ayé Ptolemy, àwọn kan ka òfúrufú méje tí Àlùkùránì dárúkọ sí ọ̀nà àwọn ohun méje tí ojú ń rí tí ó ń rìn lójú sánmà: òṣùpá, oòrùn àti pílánẹ́ẹ̀tì márùn-ún. Nígbà tí a rí Uranus ní 1781 àti Neptune ní 1846, òǹkà náà bàjẹ́. A fi Pluto kún un ní 1930. Ní 24 August 2006, oṣù márùn-ún péré lẹ́yìn ìṣíjibò ti Accra, àpérò àwọn onímọ̀ ìràwọ̀ ní Prague yọ Pluto kúrò nínú òǹkà pílánẹ́ẹ̀tì. Ẹni tí ó bá ti so áyà kan mọ́ òǹkà pílánẹ́ẹ̀tì yóò tún un kà, àwọn tí ń gbọ́ ọ yóò sì rò pé áyà ni ó yí padà.

Ìwé tí Maurice Bucaille kọ ní 1976 lórí Bíbélì, Àlùkùránì àti sáyẹ́ǹsì tàn káàkiri ayé Mùsùlùmí, ó sì mú ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ sún mọ́ Àlùkùránì. Oore ni èyí, ṣùgbọ́n ọ̀nà náà ní gbèsè tirẹ̀. Wo áyà kẹtàdínláàádọ́ta nínú Sūratudh-Dhāriyāt. Ọ̀pọ̀ mùfásírù àtijọ́ túmọ̀ ọ̀rọ̀ tí ó wà níparí rẹ̀ sí agbára àti ọrọ̀ Ọlọ́hun. Lẹ́yìn tí Hubble fi hàn ní 1929 pé àwọn ìṣùpọ̀ ìràwọ̀ ń jìnnà síra wọn, àwọn kan sọ pé fífẹ̀ àgbáyé ni ó túmọ̀ sí. Èdè Lárúbáwá gba ìtumọ̀ yìí. Ṣùgbọ́n kí a pe ìjọra náà ní ìjọra. Kí a má sọ ọ́ di ẹ̀rí tí ẹ̀sìn dúró lé. Ní 1948, àwọn onímọ̀ kan mú tíọ́rì wá pé àgbáyé kò ní ìbẹ̀rẹ̀. Ohun tí a rí ní 1965 ni ó ṣẹ́gun rẹ̀. Àlùkùránì kò di irọ́ ní 1948, kò sì dúró de ọdún 1965 kí ó tó di òdodo.

Imam al-Shatibi (ó kú ní 790 H/1388) ti kìlọ̀ tipẹ́ nínú Al-Muwāfaqāt pé kí a má ti gbogbo ìmọ̀ ayé bọ inú Àlùkùránì, nítorí ìwé ìmọ̀nà ni, kì í ṣe ìwé ìṣègùn tàbí ti ìràwọ̀.

Òfin tí ó lè ṣe amọ̀nà

Àwọn onímímọ̀ usūl ya ohun tí ó dájú, èyí tí wọ́n ń pè ní qat'ī, sọ́tọ̀ kúrò lára ohun tí a ń rò, èyí tí wọ́n ń pè ní zannī. Ohun méjì tí ó dájú kò lè tako ara wọn, nítorí Ọlọ́hun kan náà ni ó sọ ọ̀rọ̀ tí ó sì dá ayé. Bí èyí tí ó dájú bá pàdé èyí tí a ń rò, èyí tí ó dájú ni a ó mú, ì báà jẹ́ láti ọwọ́ ẹ̀sìn tàbí láti ọwọ́ ìṣirò. Bí ó bá jẹ́ èrò ni ó pàdé èrò, sùúrù ni oògùn rẹ̀.

Ibn Taymiyya (ó kú ní 728 H/1328) lo òfin yìí lórí ikú Ibrahim gan-an. Al-Waqidi, òpìtàn, kọ ọ́ pé ọjọ́ kẹwàá oṣù ni ọmọ náà kú. Ibn Taymiyya sọ pé àṣìṣe ni, nítorí oòrùn kì í ṣíji àyàfi ní ìparí oṣù, nígbà tí òṣùpá bá wọ ìlà pẹ̀lú oòrùn. Ìṣirò òde òní gbè é lẹ́sẹ̀: ìṣíjibò náà bọ́ sí 27 January 632, tí ó jẹ́ ìparí oṣù Shawwāl ọdún kẹwàá Híjírà. Hádíìsì tí ó fẹsẹ̀ múlẹ̀ dúró ṣinṣin. Ìròyìn òpìtàn tí kò fẹsẹ̀ múlẹ̀ ni ó yẹ̀. Báyìí ni ìmọ̀ ìràwọ̀ ṣe ran ìmọ̀ ẹ̀sìn lọ́wọ́.

Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni rò pé gbogbo ọ̀rọ̀ ni yóò rọrùn bí ti ìṣíjibò. Ọ̀rọ̀ ìṣẹ̀dá ènìyàn, tí àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ girama ń bá pàdé nínú ẹ̀kọ́ bayọ́lọ́jì, le jù ú lọ, nítorí ohun tí Àlùkùránì sọ nípa Ànábì Ādam hàn gbangba. Ní ìparí ọ̀rúndún kọkàndínlógún, Shaykh Husayn al-Jisr ti Tripoli ní Lebanon sọ pé a kò fi ẹ̀rí tí ó dájú gbé tíọ́rì náà dìde, nítorí náà ohun tí ó hàn nínú áyà ni kí a dì mú; bí ẹ̀rí tí kò ní iyèméjì bá sì dé lọ́jọ́ kan, òfin ìtumọ̀ ti wà nílẹ̀. Ó ṣeé ṣe kí onímímọ̀ kan má gba ti al-Jisr tán lóde òní, yálà ní apá kan tàbí ní apá kejì. Ohun tí ó yẹ kí ó kọ́ lọ́dọ̀ rẹ̀ ni ìfarabalẹ̀: kò bú àwọn tí ń wádìí, kò sì sáré ta áyà ní ọ̀pọ̀.

Ní mọ́sálásí àti ní ọjà

Ẹ̀kọ́ yìí ní èrè tí ojú ń rí. Ní 9 January 2001, òṣùpá ṣú ní alẹ́. Ní Maiduguri, àwọn ọ̀dọ́ kan sọ pé ẹ̀ṣẹ̀ àwọn ará ìlú ni ó fà á, wọ́n sì kọlu ilé ọtí àti ilé ìgbafẹ́. Nígbà tí ti ọdún 2006 ń bọ̀, ìjọba Nàìjíríà kìlọ̀ ṣáájú kí ẹnikẹ́ni má bẹ̀rù. Àwọn ọ̀dọ́ Maiduguri kò ṣaláì ní ìtara. Hádíìsì Mẹ̀dínà ni kò tíì yé wọn. Èyí sì ni ìdáhùn sí ìbéèrè àkọ́kọ́: kò sí ẹ̀rí nínú ẹ̀sìn tí ó sọ ìṣíjibò di ìdájọ́ lórí ìlú kan tàbí ènìyàn kan.

Ojúṣe imam ní ọjọ́ bẹ́ẹ̀ hàn kedere. Kí ó kéde ọjọ́ náà ṣáájú. Kí ó kìlọ̀ pé ìtànṣán oòrùn lè jó inú ẹyinjú láì dun ènìyàn, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má fi ojú lásán wò ó. Kí ó kó ìjọ jọ láì pe ìrun àti láì ṣe ìkámà, kí ó sì ṣíwájú wọn ní ràkáà méjì, tí rùkúù méjì yóò wà nínú ràkáà kọ̀ọ̀kan gẹ́gẹ́ bí ti màzíábù Māliki tí àwọn Mùsùlùmí ilẹ̀ wọ̀nyí ń tẹ̀lé. Lẹ́yìn náà, kí ó rán wọn létí ọjọ́ tí oòrùn kò ní tún padà tàn.

Ohun kan náà ni ó bá ọ̀rọ̀ òjò mu ní Kaneshie, níbi tí omi ti máa ń ya bo ọ̀nà àti ọjà ní àsìkò òjò. Ní 3 June 2015, àgbàrá àti iná tí ó sọ ní ilé epo kan nítòsí Kwame Nkrumah Circle pa ènìyàn tí ó ju 150 lọ ní Accra. Ọlọ́hun ni ó ń rọ òjò. Ẹ̀dá ni ó ń da ìdọ̀tí dí gọ́tà. Ẹni tí ó gba àkọ́kọ́ gbọ́ tí ó sì kọ èkejì ti gbàgbé ìmọ̀ràn Ànábì fún ẹni tí ó fẹ́ fi ràkúnmí rẹ̀ sílẹ̀ láì so: pé kí ó so ó ná, kí ó tó gbára lé Ọlọ́hun.

Ìkádìí

Ìṣirò fi hàn pé ní 2 August 2027, òjìji òṣùpá yóò gba Morocco, Algeria, Tunisia, Libya àti Egypt kọjá, yóò sì dé Jeddah àti Mọ́kà, níbi tí oòrùn yóò ti ṣú pátápátá fún nǹkan bí ìṣẹ́jú márùn-ún sí mẹ́fà. Àwọn tí ó ṣe ìṣirò náà lè jẹ́ onígbàgbọ́, wọ́n sì lè má jẹ́ bẹ́ẹ̀. Òṣùpá kò ní bi wọ́n. Kí àwọn àáfáà àti akẹ́kọ̀ọ́ tètè múra ọ̀rọ̀ tí wọn yóò sọ fún ìjọ sílẹ̀. Tíọ́rì tí a fi ń ṣàlàyé ìrìn òṣùpá lè tún yí padà kí ọ̀rúndún yìí tó parí. Ìrun tí Ànábì fi lélẹ̀ ní ọjọ́ tí ó sin ọmọ rẹ̀ kò ní yí padà, nítorí kò fìgbà kan dúró lé tíọ́rì.

Ọlọ́hun ni Ó mọ̀ jù.